Orúnkún Ìyá Mi àti Omi Abúlé Wa

Orúnkún ló gbé ìyá mi wá sí Ìsọlọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá bá mi gbé, tí wọ́n sì máa ń bi mí pé kí ni àwọn fẹ́ wá máa wò ní Èkó. Àfi ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù tó ní, "Orúnkún Màámi ti wú o. Láti àná ni wọn ò ti lè dìde dáadáa." Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi fi wọ́n sínú ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èmi náà lọ dúró dè wọ́n ní gáréèjì Òṣòdì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Má wò mí báyẹn," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ orí ni."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé orúnkún a máa dun àgbàlagbà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni mò ń tún ṣe. Bí omi bá ṣàdédé dákẹ́ nílé kan ní Ìsọlọ̀, tí àwọn ayálégbé to kẹ́ẹ̀gì jọ sẹ́nu ọ̀nà, tí onílé ń làágùn, irú mi ni wọ́n máa ń pè. A ó fa páìpù jáde látinú ilẹ̀, a ó yọ súmò, ìyẹn ẹ̀rọ gígùn tó máa ń wà nísàlẹ̀ kànga tó ń ti omi sókè, a ó sì wo ohun tó pa á. Mo ti ṣe é ní mọ́sáláṣí, mo ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ṣe é ní àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Industrial Estate níbi tí tírélà máa ń tò sí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nínú ilé tí mò ń gbé gan-an, lẹ́yìn ọjà Aswani, èmi ni mo gbé súmò sínú kànga. Yàrá mẹ́wàá ló wà nínú ilé náà, táàpù kan ló wà láàárín àgbàlá. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, onílé á tan jẹnẹrétọ̀, omi á sì máa ya.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí Màámi dé, mo jí, mi ò rí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sáré jáde. Mo bá wọn lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù, wọ́n ró ìró wọn mọ́ àyà, wọ́n ń wo omi bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi ń pọnmi ìwẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ilé iṣẹ́ kan ní Industrial Estate ló ti ń di ọjà sínú páálí. Korobá rẹ̀ ti kún, omi ń ṣàn dà nù sílẹ̀, òun ń fọ eyín rẹ̀ lọ.

Ìyá mi fi ọwọ́ ti orúnkún, wọ́n dìde, wọ́n ti táàpù náà pa.

"Ha, Màmá, sọ́rì," ni obìnrin náà wí, ọṣẹ ìfọyín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú, ọmọ mi. Bó ṣe ń dà nù yẹn ló ń ká mi lára."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fi táàpù sílẹ̀, Màmá á bá a ti í pa, wọ́n á tún fi àdúrà bá a wí. Ife kan ni wọ́n fi ń bọ́jú. Omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀wà, wọn kì í dà á nù, wọ́n á gbé e pamọ́, wọ́n á fi fọ sálúbàtà. Mo sọ fún wọn pé omi wà, pé kí wọ́n máa lò ó fàlàlà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́," wọ́n sì tún ń fi ife kan bọ́jú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé, "Ta ló gbẹ́ kànga yìí?"

"Onílé ló pe àwọn tó gbẹ́ ẹ, Màámi."

"Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Èmi ni mo máa ń tún un ṣe. Kì í ju wákàtí mélòó kan lọ."

"Wákàtí mélòó kan," ni wọ́n tún sọ lẹ́yìn mi. Mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń fi yangàn nínú ọkàn wọn.

Ó di ọjọ́ Sátidé kan. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ yẹn kò lọ síbi iṣẹ́, ó gbé omi gbígbóná àti òrí wá, ó ń fi ra orúnkún ìyá mi. Ó fẹ́ràn wọn gan-an. Ìyá tirẹ̀ ti kú, ó sì máa ń sọ pé bí Màmá ṣe ń bá òun wí máa ń jẹ́ kí òun sùn dáadáa. Èmi wà nínú yàrá, mo tú súmò ẹnì kan kalẹ̀ sórí àpò, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

Obìnrin náà bi wọ́n pé, "Màmá, báwo ni orúnkún yìí tiẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀?"

"Omi ni," ni ìyá mi wí.

Mo dá iṣẹ́ dúró.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un. Wọ́n kọ́kọ́ fa ìró sókè, wọ́n fi àpá kan hàn án lọ́rùn ẹsẹ̀. Sòbìà ló dá a sí wọn lára nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́bìnrin, aràn funfun gígùn tó máa ń gba ara èèyàn jáde bí òwú, tó sì jẹ́ pé inú omi odò ni wọ́n ti ń mu ún. Nítorí sòbìà ni wọ́n ṣe gbẹ́ kànga sáàárín abúlé wa, tí wọ́n gbé pọ́ǹpù onírin lé e lórí, irú èyí tí èèyàn máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí omi tó jáde. Ìyá mi ní ọjọ́ tí omi náà kọ́kọ́ jáde, àwọn kan ò sùn. Omi náà mọ́, ó tutù, sòbìà sì lọ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lò ó. Nígbà tó yá, ọwọ́ pọ́ǹpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, èèyàn á tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀kán omi díẹ̀ ni yóò jáde. Lọ́jọ́ kan, kò jáde mọ́ rárá.

"Ẹ wá ń ṣe báwo?" ni obìnrin náà bi wọ́n.

"A padà sódò."

Odò náà jìn. Ìsọ̀kalẹ̀ òkè méjì ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í kù ju ihò kan láàárín òkúta lọ, àwọn obìnrin á jókòó yí i ká, wọ́n á máa fi igbá bu omi bó ṣe ń sun díẹ̀díẹ̀. Màlúù náà ń mu níbẹ̀. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń lọ kí omi tó rú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí òkúta. Kẹ́ẹ̀gì omi já lé wọn lórúnkún. Wọn ò lè dìde. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yọ, kí àwọn obìnrin mìíràn tó dé.

"Ẹ̀rù ò bà mí," ni ìyá mi wí. "Omi tó dà nù ni mò ń wò. Mo ní, háà, mo tún máa padà lọ pọn òmíràn."

Obìnrin náà kàn ń fi òrí ra orúnkún wọn lọ ni, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Èmi ni mo jáde sí wọn. "Màámi, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ṣubú."

"Kí n sọ fún ẹ kí o wá ṣe kí ni?" Wọn ò pariwo, ohùn wọn tutù. "Nígbà tí pọ́ǹpù bàjẹ́, a sọ fún ẹ."

Òótọ́ ni. Mo rántí. Iléyá ọdún kan ni mo lọ sílé, àwọn obìnrin mú mi lọ síbi pọ́ǹpù náà, wọ́n ní, "Ìwọ tó o jẹ́ oníṣẹ́ omi l'Ékòó, bá wa wò ó." Mo fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní irú èyí ti di ti àtijọ́, pé súmò ni èmi ń ṣe. Mo wọ aṣọ ọdún, mi ò fẹ́ kí gíríìsì ta sí i. Mo jẹ ẹran, mo padà sí Èkó. Láti ọjọ́ náà, kò tún wá sí mi lọ́kàn.

Mo ti wọ inú kànga tó jìn láti yọ súmò ẹlòmíràn jáde. Ìyá mi sì ń fi ẹsẹ̀ àádọ́rin ọdún lọ sódò.

Bí ojú bá ti èèyàn tán, ohun tó máa ń kù ni kó máa sáré. Èmi sáré. Mo kó àwọn ọmọ abúlé wa tó wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ jọ, a dáwọ́ jọ, mo wá súmò kan tó dára àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, a gbé e lọ sílé. Mo yọ pọ́ǹpù onírin ìjọ́sí kúrò, mo gbé e jù sẹ́yìn ilé ìwé, mo sọ súmò sínú kànga. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, tí omi ta jáde gba ẹnu páìpù, àwọn ọmọdé kó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Wọ́n súre fún mi títí orí mi fi wú. Mo padà dé Ìsọlọ̀, mo sọ fún ìyá mi pé, "Màámi, ó ti parí."

Kò parí. Jẹnẹrétọ̀ náà ń fẹ́ epo. Abúlé wa kò ní ilé epo, ẹni tó bá máa rà á gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí ìlú. Wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ sílé ọkùnrin kan kí olè má gbé e, ó wá di pé tí ọkùnrin náà bá lọ sóko, kò sí omi. Tó bá bínú sí èèyàn, kò sí omi. Àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà kú, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè láti sọ fún mi. Ó ní, "Wọ́n ti padà sódò o."

Inú bí mi burúkú. Mo ń rìn káàkiri yàrá, mo ń sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí ò mọyì oore, pé mo ṣe é fún wọn tán, wọn ò lè tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ, wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ṣé o bi wọ́n?" ni wọ́n wí.

"Kí n bi wọ́n ní kí ni?"

"Irú èyí tí wọ́n fẹ́."

"Màámi, omi ni wọ́n fẹ́!"

"Omi ni wọ́n fẹ́. Wọn ò bẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀rọ tó ń mu epo. Pọ́ǹpù ni wọ́n fi hàn ẹ́ níjọ́sí, pọ́ǹpù náà lo sì yọ jù nù." Wọ́n fẹ́ èérí ìrẹsì dà nù. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìwọ ti dàgbà, lọ wá ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n."

Mo jáde nílé torí mi ò fẹ́ dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n kí n tó dé títì, mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì tún mọ ohun tí mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni: mi ò mọ pọ́ǹpù onírin yẹn tún ṣe. Ìdí tí mo fi ní ó ti di ti àtijọ́ nìyẹn.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ onílẹ̀ Ìsọlọ̀ ni wọ́n. A jọ máa ń kírun ní mọ́sáláṣí kan náà, ibi táàpù àlùwàlá ni mo sì ti mọ̀ wọ́n, torí wọ́n máa ń sọ fún mi pé èmi kò di páìpù ibẹ̀ le tó. Ẹnì kan ti sọ fún mi rí pé iṣẹ́ omi ìjọba ni wọ́n ṣe fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ṣàlàyé ara mi. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ti aṣọ ọdún.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Pọ́ǹpù sòbìà! Mo gbé e sí abúlé tí mi ò lè kà tán. Wá sílé lọ́la."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi lọ sílé wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Lórí fàráńdà ni wọ́n ti kọ́ mi. Wọ́n fi èédú yàwòrán pọ́ǹpù náà sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì mú ìdì ìwé ìròyìn kan jáde tí wọ́n we wáṣà rọ́bà méjì sínú rẹ̀, ó rí bí ife kékeré tí kò nídìí. Wọ́n ní wáṣà yìí ló máa ń di omi mú nígbà tí irin bá ń fà á sókè. Tó bá ti gbó, ọwọ́ pọ́ǹpù á fúyẹ́, omi ò ní gòkè. Mo jókòó, mo ń wo nǹkan kékeré yẹn lọ́wọ́ mi. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo abúlé fi padà sódò.

"Ta ni yóò máa tún un ṣe lẹ́yìn èyí?" ni Bàbá bi mí.

"Èmi ni, Bàbá. Wọ́n á máa pè mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Láti Ìsọlọ̀? Kí wọ́n máa mu odò títí ìwọ á fi ráyè? Gbọ́, mo ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́. Àwọn ọkùnrin la máa ń kọ́ nígbà náà, àṣìṣe wa nìyẹn. Ọkùnrin ò ní mọ̀ pé pọ́ǹpù ti bàjẹ́ àfi lọ́jọ́ tí kò bá bá omi ní balùwẹ̀. Ẹni tó ń ru omi ni kí o fún ní sípánà."

Mo wá wáṣà káàkiri. Lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta irinṣẹ́ àlòkù ní Bọ́ládé, l'Óṣòdì, ni mo ti rí díẹ̀, pẹ̀lú irin gígùn tó bá pọ́ǹpù náà mu. Ìyá mi ló bá àwọn obìnrin abúlé sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí n tó lọ. Mo gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá, ó le bí ìgbà tí mo wà ní kékeré: "Ẹ pe ara yín jọ. Ọmọ mi ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má jókòó máa wò ó o. Ẹ ti ọwọ́ yín bọ̀ ọ́."

Nígbà tí mo dé, obìnrin méje ló ń dúró dè mí lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó dìde ṣáájú jẹ́ ẹni tí a jọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń yan gààrì. Kò tóbi lára, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dé òkèèrè.

"Ìwọ lo gbé ẹ̀rọ ọ̀mùtí wá níjọ́sí," ni ó wí. "Mi ò tíì rí nǹkan tó ń mu tó bẹ́ẹ̀ rí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó yẹ kí n bi yín."

Wọn ò jẹ́ kó pẹ́ lórí ìyẹn. Wọ́n gbé pọ́ǹpù náà wá látẹ̀yìn ilé ìwé, adìẹ ti yé ẹyin sínú rẹ̀. A tú u kalẹ̀ sórí ẹní. Mo fi ibi tí wáṣà yẹ kó wà hàn wọ́n, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan níbẹ̀ ju èérún dúdú lọ. Ọ̀kan nínú àwọn irin inú rẹ̀ ti kán. Àwọn ọkùnrin mélòó kan dúró lókèèrè, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé sípánà ti di ọmọrogùn. Ẹlẹ́gàárì yẹn gbójú sókè, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ lálẹ́ kó wá bá wa fa súmò jáde." Wọ́n sì wá. Ọwọ́ wọn wúlò gan-an, torí irin náà wúwo.

Ọ̀sán ti ń rọlẹ̀ ká tó to gbogbo rẹ̀ padà. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, omi ò jáde. A máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ nísàlẹ̀, á gòkè díẹ̀, á tún padà. Òógùn bò mí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé korobá wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń kọrí sí. Bí wọn ò ṣe bú mi yẹn ló dùn mí jù.

A tún fa gbogbo rẹ̀ jáde. Mò ń wo irin, mò ń wo páìpù, mi ò rí nǹkan kan. Ẹlẹ́gàárì ló mú wáṣà náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì lójú oòrùn.

"Ife kọ́ lo pè é?" ni ó bi mí.

"Ife ni."

"Ta ló máa ń da ojú ife dé tó bá fẹ́ bu omi?"

Mo wò ó. Mo ti da ojú wáṣà dé. Mo gba orí mi mú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yí i padà, ló fi sípánà dì í. A tún tò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, bó ṣe tẹ ọwọ́ pọ́ǹpù náà fún ìgbà díẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ti dì í mú." Omi pupa ló kọ́kọ́ jáde, ó ń rùn bí irin. A ń fà á, a ń gbà á fún ara wa, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, títí ó fi mọ́ gaara. Màmá àgbàlagbà kan fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á, ó tọ́ ọ wò, ó pa ojú dé.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo gbé e súnmọ́ ẹnu pọ́ǹpù. Mo gbé e padà sétí.

"Màámi, ṣé ẹ gbọ́?"

"Ta ló ń fà á?"

Mo sọ ẹni náà fún wọn.

"Kì í ṣe ìwọ?"

"Kì í ṣe èmi."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fọn imú.

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta sí i. A tú pọ́ǹpù náà, a tún un tò, ó tó ìgbà márùn-ún. Lẹ́yìn náà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ọwọ́ sápò, mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn náà ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kó wáṣà tó kù àti sípánà fún wọn, mo padà sí Ìsọlọ̀.

Ìyá mi kò pẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní orúnkún náà kò ní padà bọ̀ sípò pátápátá láéláé, ṣùgbọ́n pé tí wọn ò bá ti ru ẹrù, wọ́n á máa rìn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo bẹ̀ wọ́n. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ yẹn sunkún, ó di ọbẹ̀ fún wọn sínú kúlà. Ìyá mi ní, "Ẹ ti tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ mu omi ilé mi."

Nígbà tó ṣe, mo pè wọ́n lọ́jọ́ kan, à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, à ń sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n kàn sọ ọ́ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan: "Pọ́ǹpù bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Mo fò dìde. "Ẹ ò pè mí!"

"Ká pè ẹ́ ṣe kí ni? Wọ́n ti tún un ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni."

Mo jókòó. Kí n má purọ́, ó kọ́kọ́ dùn mí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn délé tó bá àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti jẹun láìdúró dè é. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín, débi pé obìnrin ará Ọ̀yọ́ yẹn yọjú, ó ní, "Bọ̀dá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo lọ sílé. Bí mo ṣe kí ìyá mi tán, mo gba ibi pọ́ǹpù lọ láti wò ó. Wọ́n ti fi igi ṣe ọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà wọlé, wọ́n sì ti gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn obìnrin tò síbẹ̀ pẹ̀lú korobá, ẹlẹ́gàárì yẹn dúró níwájú wọn. Mo ṣí ọgbà, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé orí sìmẹ́ńtì láti lọ wo ọwọ́ pọ́ǹpù náà.

"Dúró níbẹ̀!" ni ó kígbe. "Ta ló ní kí o gun orí ibí yìí pẹ̀lú bàtà? O fẹ́ gbé ẹ̀gbin sínú omi wa?"

Gbogbo ìlà yíjú sí mi. Mo ní ẹ kú ọdún, mo ní ẹ má bínú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tú okùn bàtà mi, mo sì lọ dúró sẹ́yìn ìlà.